Bàtà Tí Kì Í Ṣe Fún Ìrìn

Ẹsẹ̀ ni Jayéọlá Àkàndé fi ń dá ènìyàn mọ̀. Kì í ṣe ojú. Ojú máa ń yí padà: ó ń sanra, ó ń hu irùngbọ̀n, ó ń kun àtíkè. Ẹsẹ̀ kì í purọ́. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí Ikpoba Hill ní Benin, kí onítọ̀hún tó kí i tán, Àkàndé á ti wo ìsàlẹ̀. Á ti mọ ẹni tó ń gbé gbogbo ara lé apá òsì. Á ti mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ra bàtà fún láìwọn ẹsẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti wà níbẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, pẹ̀lú àpótí onígi kan, ìlu mẹ́ta tó fi ń lu awọ, àti ẹsẹ̀ irin tí a ń ki bọ bàtà láti kàn án, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ ìyọ̀ǹda. Àwọn Bìní ń pè é ní Oga Shoe. Àwọn Yorùbá tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bọ̀ ń pè é ní Bàbá Aránbàtà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà ní Ìbàdàn, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí i. Òun àti ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ló kù.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bàtà tuntun kì í jáde níbẹ̀ láìrán.

Ẹ ṣáà mọ̀ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Bí ènìyàn bá ra bàtà, ìbáà jẹ́ bàtà olówó gọbọi, kò ní kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ síbì kankan. Ọ̀dọ̀ aránbàtà ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ó rán an yíká, kí ó lẹ rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ṣe é lókè òkun kò mọ ọ̀nà wa. Gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Òjò Benin kan ṣoṣo, bàtà ti la ẹnu bí ẹja.

Nínú gbogbo ẹsẹ̀ tó ti gba ọwọ́ Àkàndé kọjá, ọ̀kan wà tó mọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Moyọ̀sọ́rẹ.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tíṣà kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ̀, gbé e wá. Abẹ́rẹ́ ibà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n gún un sí ìdí, abẹ́rẹ́ náà sì ba iṣan. Láti ìgbà náà ni iwájú ẹsẹ̀ yẹn kò ti gbọ́ràn mọ́. Bí ó bá gbé e sókè, ọmọ ìka á dorí kodò, á máa wọ́lẹ̀. Kò sì dàgbà tó èkejì. Ogójì ni bàtà òsì rẹ̀ báyìí, méjìdínlógójì ni ti ọ̀tún. Àkàndé ló ṣe bàtà iléèwé rẹ̀. Òun ló ṣe bàtà yunifásítì. Òun ló ṣe bàtà dúdú tó fi ń dúró níwájú àwọn oníbàárà ní báńkì. Á kan awọ líle sẹ́yìn gìgísẹ̀ kí ó gbé e ró. Á fi fóòmù dí iwájú. Á gbé imú bàtà sókè díẹ̀, kí ó má baà kọ.

Ìgbà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ já a kulẹ̀. Ọdún 1994. Ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn níléèwé. Wọ́n pe Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, pé kó wá gba ẹ̀bùn Ìṣirò. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré. Lórí ìkẹta ni ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún ya kúrò. Ó ṣubú lulẹ̀ gbàà lójú gbogbo iléèwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ kan lásán gùn ún dókè, ó gba ẹ̀bùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé bàtà náà wá nínú ọ̀rá.

"Bàbá, ó ya."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà. Àkàndé ni kò gbàgbé. Bàtà àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ló ń rán an yíká. Ti Moyọ̀sọ́rẹ, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni Moyọ̀sọ́rẹ wọlé tọ Àkàndé wá pẹ̀lú aṣọ báńkì lọ́rùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ó ń gbé ní Ugbor.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, Sọ́rẹ. Ó rẹ ẹsẹ̀ òsì rẹ. Kí lo fi ṣe?"

"Ẹ ò tíì wo ojú mi!"

"Kí ni mo fẹ́ fi ojú rẹ ṣe? Ojú kì í wọ bàtà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà náà ni Àkàndé rí egbò náà. Lójúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún, gígùn bí ìka, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì béèrè nígbà tí Moyọ̀sọ́rẹ ki ọwọ́ bọ àpò, tó kó irin méjì jáde, ó kó wọn lé orí àpótí iṣẹ́. Irin kéékèèké, dídán, pẹ̀lú ẹnu méjì tó dà bíi pé wọ́n fẹ́ gé nǹkan jẹ.

"Kí lèyí? Pàkúté eku?"

"Pẹ́dà ni, Bàbá. Pẹ́dà kẹ̀kẹ́."

"Níbo wá ni ẹsẹ̀ máa dúró sí lórí rẹ̀?"

"Kò ní dúró lórí rẹ̀. Ó máa dì mọ́ ọn ni." Ó mú irin pẹlẹbẹ kékeré kan jáde, kò ju owó ẹyọ lọ, ihò méjì lójú rẹ̀. "Èyí, a máa dè é mọ́ abẹ́ bàtà. Bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, kẹ́! Ó ti gbé e mì. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ́, màá yí gìgísẹ̀ síta. Akínwùmí, ọ̀gá mi ní báńkì, ló fún mi. Òun ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀."

"Ẹgbẹ́ wo?"

Ó wá ṣàlàyé. Ìdíje ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù kan ní GRA. Bí wọ́n bá ti ń jáde nínú omi ni wọn yóò gun kẹ̀kẹ́, wọn yóò gbé e gba ọ̀nà Ekiadolor kí wọ́n tó yí padà. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, eré ẹsẹ̀. Kò sí ìsinmi láàárín.

"Lọ́jọ́ kan náà?"

"Láàárọ̀ kan náà, Bàbá."

"Mẹ́ta pọ̀ ṣọ̀kan. Ṣé ẹ ti fi tó pásítọ̀ létí? Mẹ́talọ́kan kan ṣoṣo ni mo mọ̀."

"Bàbá!"

"Mo kàn ń béèrè ni. Eré ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Èmi ò ní sáré. Màá rìn ín. Wọ́n ní ẹni tó bá rìn náà á dé. Inú omi, ẹ má mikàn rárá: kò sẹ́ni tó ń mọ ẹsẹ̀ tó kú nínú omi. Kẹ̀kẹ́ nìkan ló kù." Ó fi ìka kan egbò náà. "Ẹsẹ̀ yìí kì í dúró lórí pẹ́dà. Tí mo bá kan gbágungbàgun báyìí, ó ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀, pẹ́dà á yí po, á gbá mi lójúgun. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà Ekiadolor. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọlọ́kadà kan ló gbé mi dìde. Ó ní, 'Madam, leave this thing for pikin.'"

Àkàndé ń yí pẹ́dà náà lọ́wọ́. "Ṣé dandan ni?"

Moyọ̀sọ́rẹ yí ojú kúrò. Ó ń wo àwọn bàtà tó wà lórí pákó, àwọn tí a ti rán àtàwọn tó ń dúró.

"Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ní gbogbo ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá, ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fún mi? Aṣọ. Àwọn yòókù á bọ́ aṣọ, wọ́n á lọ sáré, èmi á dúró ti aṣọ wọn. Ọdún mẹ́fà. Mo mọ aṣọ gbogbo wọn. Mo mọ ẹni tí òógùn rẹ̀ máa ń rùn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó tó gẹ́ẹ́, Bàbá. Ẹ bá mi wá bàtà. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹsẹ̀ mi."

Kò sí ilé ìtajà kan ní gbogbo Benin tó ń ta irú bàtà bẹ́ẹ̀. Òkìrìkà ló kù. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí báńkì tì, wọ́n gba ọjà New Benin lọ, sọ́dọ̀ Títíloyè, obìnrin Ilé-Olújì tó ń tú bẹ́ẹ̀lì bàtà láràárọ̀, tí ohùn rẹ̀ tó gbohùngbohùn mẹ́ta.

"Bàtà kẹ̀kẹ́? Ẹ dúró, ẹ dúró. Ṣé àwọn tí abẹ́ wọn le gan-an, tó ń dún kò-kò-kò? Bọ́ọ̀lù ni mo rò pé wọ́n fi ń gbá! Mo ta ọ̀kan fún pásítọ̀ kan lọ́jọ́sí. Ó wọ̀ ọ́ gun orí àga ìwàásù. Ó padà wá, ó ní ṣe ni òun ń yọ̀ níwájú Olúwa, kì í sì í ṣe ayọ̀."

Ó wá inú òkìtì. Bàtà mẹ́rin ló kó jáde.

Ti àkọ́kọ́, Àkàndé nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó pupa bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ojú rẹ̀ ń dán, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n Moyọ̀sọ́rẹ dojú rẹ̀ dé, ó gbé irin pẹlẹbẹ rẹ̀ lé e lábẹ́, ó mi orí.

"Ihò mẹ́ta ni tibí. Méjì ni tèmi."

"Ìyẹn náà ni? Màá lu ihò míì."

"Ẹ fi èékánná kàn án, Bàbá."

Ó kàn án. Ó dún bí àwo. Bí ìlu bá wọ ibẹ̀, yóò fọ́ ni, kò ní lu. Ó gbé e sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Èkejì ní ihò méjì, ṣùgbọ́n olókùn ni. Moyọ̀sọ́rẹ ní inú omi lòun yóò ti jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ta ni yóò jókòó ti okùn? Bí okùn bá sì tú, ṣéènì ni yóò wọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ̀ ọ́ bíi pé òun ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ òsì kò tilẹ̀ kọjá ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Dúdú. Imú rẹ̀ ti bó. Ẹni tó kọ́kọ́ ní i ti wọ̀ ọ́ la ohun púpọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ihò méjì. Ṣùgbọ́n ogójì. Ṣùgbọ́n ìdè alálẹ̀mọ́, èyí tó ń dún ṣàá bí a bá fà á, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgàdà débi pé ẹsẹ̀ tútù lè wọ̀ ọ́ láìjà.

Àkàndé gbé e, ó dì í mú ní imú àti gìgísẹ̀, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, bí ó ti máa ń tẹ gbogbo bàtà wò. Kò tẹ̀. Ó fi orúnkún sí i. Kò tẹ̀.

"Bàtà tí kò tẹ̀, báwo ni yóò ṣe rìn?"

"Kò ní rìn, Bàbá. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Tó bá ń tẹ̀, inú bàtà ni agbára mi máa pin sí. Mo fẹ́ kó dé pẹ́dà."

Àkàndé tún un tẹ̀ wò. Ogójì ọdún ó lé nídìí bàtà, kò gbọ́ ọ rí. Bàtà tí kì í ṣe fún ìrìn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ìkòkò tí kì í ṣe fún oúnjẹ.

Ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ pupa, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà náà. Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Àtàǹpàkò kan wọ iwájú. Ẹsẹ̀ náà ń lúwẹ̀ẹ́.

"Bàbá yìí," ni Títíloyè wí, "ẹ wá ń kúnlẹ̀ fún obìnrin lójú ọjà."

"Ẹsẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ fún. Ìwọ náà kó tìrẹ wá, bí o bá ti fọ̀ ọ́."

Títíloyè pariwo ẹ̀rín. Àkàndé dìde, ó gbọn orúnkún. "Mo gbà á. Èyí ni. Màá ṣe inú rẹ̀ débi pé kò ní mira."

"Inú nìkan o, Bàbá." Moyọ̀sọ́rẹ wo ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi de irin mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti gbọ́."

Ó sì ti gbọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi ṣe inú bàtà ọ̀tún. Awọ ewúrẹ́, ó tò ó léra láwẹ́láwẹ́ títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ. Ó fi ògidì awọ màlúù gbé ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ró. Ó mọ odi kékeré sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ náà ti máa ń fẹ́ dà sí. Fún fóòmù iwájú, kò nílò ìwọ̀n kankan. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó de irin náà mọ́ bàtà kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ, lábẹ́ oríkèé àtàǹpàkò. Iṣẹ́ tó dára. Ó yẹ kó fi í mọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó gbé e kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti wò ó, ó sì rí i tó ń mì, irin náà ń bá ilẹ̀ jà. Inú omi ni yóò ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ló wí. Omi yóò wà nílẹ̀. Àkàndé bu omi, ó dà á sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ inú bàtà méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ rìn lórí sìmẹ́ńtì tútù náà bí ẹran. Ìgbésẹ̀ kan. Ìkejì. Ní ìkẹta, ọwọ́ ọ̀tún yọ̀ lọ fẹ̀ẹ̀ẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀.

Ìkẹta. Bí àtẹ̀gùn ìkẹta.

Ó jókòó sórí àpótí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ iléèwé yẹn. Kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógún ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó nawọ́ mú rọ́bà táyà. Ó nawọ́ mú ọ̀bẹ. Kò kúkú gọ̀: ó gé ojú fèrèsé sí rọ́bà náà kí irin lè yọjú. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàtà méjèèjì. Ó rán an yíká. Ó tún un rán.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìdíje ku ọjọ́ méjì. Nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Moyọ̀sọ́rẹ dé, kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn mọ́tò tó gbé e wá, pẹ́dà tuntun ti wà lára rẹ̀. Ó wọ bàtà ọ̀tún. Ó di ojú.

"Bàbá. Ó dì mí mú bí ọwọ́."

Àkàndé ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Moyọ̀sọ́rẹ wọ èkejì, ó rìn lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn bọ̀. Lójijì, ó dúró.

"Kò dún."

"Kí ni kò dún?"

Ó ti bọ́ ọ. Ó ti dojú rẹ̀ dé. Ó ń wo rọ́bà dúdú náà, òwú funfun tó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, tó tò bí eyín.

"Ẹ ti rán an."

"Mo fi ojú fèrèsé sílẹ̀ fún irin. Wò ó."

Moyọ̀sọ́rẹ jáde, ó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fi ti òpó iná, ó wọ bàtà, ó gùn ún. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀, tagbáratagbára. Rọ́bà ń fi ara gbá irin, ẹsẹ̀ sì yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń bọ́ lọ́nà Ekiadolor. Pẹ́dà yí po. Àkàndé rí i bó ti gbá ojú egbò. Moyọ̀sọ́rẹ kò ké.

"Irin náà ti rì sínú," ló wí. "Ẹnu pẹ́dà ò lè débẹ̀."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ máa yọ̀, Sọ́rẹ. Mo dán an wò. O máa ṣubú."

"Mo sọ fún yín. Ẹ ní ẹ ti gbọ́."

"O máa ṣubú ni mo wí! Lójú gbogbo ènìyàn!"

"Bí mo bá ṣubú ńkọ́?" Kò gbé ohùn sókè. Ìyẹn ló burú jù. "Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé náà ń ṣubú, Bàbá. Wọ́n á dìde. Ẹ̀yin náà, ẹ ń sọ pé kí n dúró ti aṣọ."

Mọ́tò akẹ́rù kan ń gun òkè bọ̀ láti ibi odò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n dúró títí ó fi kọjá. Àkàndé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo òwú náà. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tó ṣe lọ́dún yẹn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù. Ẹ̀rù rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọmọbìnrin yẹn.

"Dúró lórí rẹ̀," ló wí. "Má sọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà lé pẹ́dà, ó dì í mú síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì yí i lọ díẹ̀díẹ̀. Sókè. Síwájú. Sísàlẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń wo ẹsẹ̀ yìí, ilẹ̀ ló sì ti ń wò ó sí ní gbogbo ìgbà: bí yóò ṣe bá ilẹ̀ pàdé, bí ilẹ̀ kò ṣe ní fi í ṣẹ̀sín. Kò rí i lójú òfúrufú rí. Níbẹ̀, ó tẹ́jú. Ọmọ ìka kò dorí kodò. Kò wọ́. Bí ohun kan bá ti di àárín rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ ni.

"Báwo ni kí irin náà yọ síta tó?"

"Owó ẹyọ méjì tí a tò lé ara wọn."

Ó bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Ohun tí a rán lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì là ń tú u. Moyọ̀sọ́rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa òwú jáde bí Àkàndé ti ń gé e. Rọ́bà iwájú bọ́. Ti àárín bọ́. Ó kan gìgísẹ̀, ọ̀bẹ dúró.

"Èyí kò dé tòsí irin," ló wí. "Ṣé kí n gé e, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Kò béèrè rí. Láti ìgbà tí Moyọ̀sọ́rẹ ti wà ní ọmọ ọdún méje, kò béèrè rí.

Moyọ̀sọ́rẹ mú bàtà náà, ó wò ó dáadáa. "Ẹ fi ti gìgísẹ̀ sílẹ̀."

Wọ́n ṣe ti òsì bẹ́ẹ̀ náà. Ó padà sórí kẹ̀kẹ́. Ó tẹ ọ̀tún. Kẹ́! Bí ilẹ̀kùn kékeré tó tì. Ó tẹ òsì. Kẹ́! Ó wá sọ pé kí òun yọ ọ̀tún wò, ó yí gìgísẹ̀, kò yọ. Àkàndé dìde kíá, ó na ọwọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wá a."

Ó dá ọwọ́ dúró lójú òfúrufú. Moyọ̀sọ́rẹ yí i láti ìbàdí, kì í ṣe láti ọrùn ẹsẹ̀. Pá! Ó yọ. "Òsì ni màá máa kọ́kọ́ yọ," ló sọ fún ara rẹ̀. "Òsì ni kí ó máa kan ilẹ̀." Ó tún un ṣe ní ogún ìgbà títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Àkàndé kà á.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, Àkàndé kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ bàtà rẹ̀ tó dára jù, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí GRA, ó dúró lẹ́yìn okùn níbi tí wọ́n to kẹ̀kẹ́ sí. Wọ́n kéré, àwọn adíje náà. Kò ju mẹ́rìnlélógún lọ. Àwọn kan ti jáde nínú omi, wọ́n ń fò lórí kẹ̀kẹ́ wọn bí ológìnní. Moyọ̀sọ́rẹ kò gbẹ̀yìn nínú omi. Ipò kẹsàn-án ló fi jáde. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ti tutù rin. Ẹsẹ̀ lásán. Ọ̀tún ń wọ́.

Ìgbésẹ̀ méje péré sí ibi kẹ̀kẹ́. Ní ìkarùn-ún, ó yọ̀. Orúnkún kan lu ilẹ̀ gbì.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Àbí ikọ́ ni? Àkàndé di okùn náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Moyọ̀sọ́rẹ kò tilẹ̀ wò yíká. Níwọ̀n ìgbà tó ti wà nílẹ̀, ó rákò dé ìdí kẹ̀kẹ́, ó jókòó síbẹ̀ kalẹ̀, ó fa bàtà mọ́ra, ó ki ẹsẹ̀ tútù bọ̀ ọ́. Ṣàá, ìdè kan. Ṣàá, ìkejì. Àwọn mẹ́ta ti fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dé akoto sórí. Ó dìde. Ó ti kẹ̀kẹ́ jáde, kò-kò-kò, gìgísẹ̀ ló fi ń tẹ ilẹ̀, ó gùn ún.

Ariwo àwọn ènìyàn pọ̀. Síbẹ̀ Àkàndé gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró de èkejì.

Kẹ́.

Ó ti lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ méjèèjì ń yí po bákan náà, débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè sọ èyí tí abẹ́rẹ́ bà. Àkàndé mọ̀ ọ́n. Ó wò ó títí òun náà kò fi lè dá a mọ̀ mọ́.

Lórí sìmẹ́ńtì, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tútù. Ti òsì odindi. Ti ọ̀tún, ìlà gígùn kan lásán, bíi pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà á. Oòrùn ti ń gbẹ wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni Moyọ̀sọ́rẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù. Orúnkún rẹ̀ ní báńdéèjì. Ipò ogún ló gbé nínú àwọn mẹ́rìnlélógún. Akínwùmí, ọ̀gá rẹ̀, gbé ipò kejìlélógún. Ó sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá rẹ yẹn, ṣé ó ṣì ń sanwó oṣù rẹ?"

"Ó ní pẹ́dà tó fún mi dáa ju èyí tó kù sọ́wọ́ òun lọ." Ó fa bàtà dúdú náà yọ láti inú ọ̀rá. Erùpẹ̀ Ekiadolor ṣì pọ́n lára rẹ̀. Ó fi ìka kan inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi kékeré yẹn, níbi tí òwú ti já. "Bàbá, ẹ bá mi rán ibí."

Àkàndé gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó wo ibẹ̀. Ó dojú bàtà dé, ó wo ìsàlẹ̀, irin tó ti fá, rọ́bà gìgísẹ̀ tó ti jẹ díẹ̀, ihò òwú ẹ̀ẹ̀mejì tó ṣófo yíká. Ó tún un dojú kọ òkè.

"Ibí nìkan?"

"Ibí nìkan."

Ó mú ìlu. Ó rán ibẹ̀. Ó gé òwú.